=20 àti =0D=0A inú ímeèlì: kí ló gbé wọn débẹ̀?

Ímeèlì mi kún fún =20, = sì wà ní ìdí ìlà. Ṣé fáírọ́ọ̀sì ni?

Rárá. Mo ti dáhùn èyí títí ẹnu mi fi fẹ́ bó. Quoted-printable ni wọ́n ń pe ọ̀nà tí wọ́n fi di lẹ́tà náà, kò sì gbà kí ìlà kan ju àmì 76 lọ. Bí ìlà bá gùn, á gé e, á fi = sí ìdí rẹ̀, kí ẹni tó ń tú u lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò tíì parí. =20 ni àlàfo, =0D=0A ni bíbọ́ sí ìlà tuntun. Bí ẹ bá ń rí wọn, ẹrù dé ni, kò sẹ́ni tó tú u.

Línkì kò ṣí.

Bí =3D bá wà nínú rẹ̀, ẹ fi = nìkan rọ́pò rẹ̀.

Mo kọ ọ̀rọ̀ sínú línkì mailto (èyí tó ń ṣí ímeèlì tuntun), gbogbo ìlà lẹ̀ mọ́ra.

%0D%0A ni ti línkì. Ẹ má gbé =0D=0A lọ síbẹ̀.

Lọ́dọ̀ mi ó dára, lọ́dọ̀ wọn "ẹ" di =E1=BA=B9.

Èyí gba oorun lójú mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo fi PHP, èdè tí a fi ń kọ ètò orí wẹ́ẹ̀bù, kọ fọ́ọ̀mù ìfìmeèlì-ránṣẹ́ kan fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan. Lórí kọ̀ǹpútà mi, lẹ́tà ń lọ geerege. A gbé e sórí sáfà tiwọn, ni akápò bá pè mí: "Ṣé èdè àǹjọ̀nú lẹ fi ń kọ̀wé sí wa ni?" Mo yí fọ́ńtì, mo tún UTF-8 (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú àwọn àmì bí "ẹ") wò, mo bú fóònù akápò. Pàbó.

Ọjọ́ kẹta ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe: mo wo lẹ́tà náà ní tútù, bó ṣe rí kí wọ́n tó tú u. Nínú Gmail, Show original ni ẹ máa tẹ̀. Mo bá Content-Transfer-Encoding, ìlà tó ń sọ bí wọ́n ṣe di lẹ́tà, láàárín ọ̀rọ̀ lẹ́tà, níbi tí kò yẹ kó dé láéláé! \r\n (bí a ṣe ń kọ =0D=0A nínú PHP: \r ni 0D, \n ni 0A) ni mo fi parí ìlà orí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Sáfà, ẹni tí a kò bẹ̀ níṣẹ́, ń fi \r mìíràn síwájú gbogbo \n tó bá rí. Ó di \r\r\n. Àwọn ohun èlò kan ka èyí sí ìlà kan àti òfìfo kan, ìlà òfìfo ló sì ń pààlà sáàárín orí lẹ́tà àti ara rẹ̀. Ìtọ́ni bí a ṣe ń tú ẹrù wá há sínú ẹrù.

Mo fi \n nìkan sí i, ó lọ. Ṣùgbọ́n sáfà mìíràn lè kọ èyí náà, nítorí náà PHPMailer, àkójọ kóòdù PHP tó ń bá ni di lẹ́tà, ni mo ń lò báyìí, mo sì ń gba SMTP, ọ̀nà tí sáfà fi ń gba ímeèlì, kọjá.

Sáfà kì í ṣe tèmi.

Ẹ fi lẹ́tà tútù náà ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bójú tó o. Kì í ṣe fọ́tò ojú fóònù o. \r kì í hàn nínú fọ́tò.