Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Ọkọ̀ Tí Ó Ti Dẹnu Kọlẹ̀ ní Houston àti Àwọn Ìlú Tí Ó Múlé Tì Í

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Houston, Stafford, Missouri City àti Pearland, ní ìpínlẹ̀ Texas, ni wọ́n máa ń ra ọkọ̀ tí ìjàm̀bá ti bà jẹ́ ní ọjà gbàǹjo, tí wọn yóò sì gbé e kalẹ̀ síwájú ilé títí di ọjọ́ tí kọ̀ńténà yóò fi gbé e lọ sí Èkó. Òwò tí ó lérè ni, ṣùgbọ́n Orí 683 nínú ìwé òfin ìrìnnà Texas lè sọ gbogbo owó náà di òfò.

Àṣìṣe tí ó bí ìyókù ni èrò pé kò sí ẹni tí ó lè bi èèyàn léèrè ohun tí ó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Lóòótọ́, òfin kò ka ọkọ̀ tí onílé gbé sórí ilẹ̀ ara rẹ̀ sí ọkọ̀ tí a pa tì. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka mìíràn wà nínú òfin kan náà fún ọkọ̀ tí ó ti di pàǹtí, ẹ̀ka yìí kò sì wo ẹni tí ó ni ilẹ̀. Bí ọkọ̀ kò bá ní nọ́ńbà lára, tàbí tí àsìkò nọ́ńbà rẹ̀ ti kọjá, tí ó sì jẹ́ pé ó ti fọ́, tàbí wọ́n ti tú u, tàbí kò lè rìn, tí èèyàn sì lè rí i láti títì, ohun ìnira fún ará ìlú ni. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó 200 dọ́là, ilé ẹjọ́ yóò sì pàṣẹ pé kí wọ́n gbé e kúrò.

Àwọn mìíràn gbọ́ pé òfin fúnni ní 30 ọjọ́, wọ́n sì fọkàn balẹ̀. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra jù lọ. Ọkọ̀ tí kò lè rìn nìkan ni 30 ọjọ́ yẹn wà fún, bí ó bá wà lórí ilẹ̀ aládàáni. Lórí ilẹ̀ ìjọba, wákàtí 72 péré ni. Èyí tí ó ti fọ́, tàbí tí wọ́n ti tú apá kan rẹ̀, kò ní ọjọ́ ìdúró kankan nínú òfin ìpínlẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni irú ọkọ̀ tí àwọn èèyàn wa máa ń rà ní gbàǹjo nìyẹn, tí kì í sábà ní nọ́ńbà lára rárá.

Ẹ má ṣe gbára lé tapólì tí ẹ fi bo ọkọ̀. Ọkọ̀ tí ó wà nínú ilé tí a kọ́ yí i ká pátápátá, tí ojú kò lè tó láti ìta, ni òfin yọ sílẹ̀. Ewéko tí ẹ gbìn láti fi bò ó kò sì tó bí ewé rẹ̀ bá ń rẹ̀ nígbà òtútù, nítorí òfin sọ pé bí a bá lè rí i nígbàkúùgbà láàárín ọdún, ó ti rú òfin. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ pàápàá wà lábẹ́ òfin yìí. Ẹ má kó ìlẹ̀kùn àti bọ́nẹ́ẹ̀tì jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì.

Bí ìwé ìkìlọ̀ bá dé, àwọn kan á wọ́ ọkọ̀ lọ sílé ọ̀rẹ́ wọn. Bí ibi tuntun náà bá wà nínú ìlú tàbí káńtì (ìpín ìjọba ìbílẹ̀ lábẹ́ ìpínlẹ̀) kan náà, tí ọkọ̀ ṣì hàn sí ìta, ẹjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kò dúró. Bí ó bá sì jẹ́ ìlú kejì, ẹ má ṣe rò pé òfin Houston ni ti Pearland, nítorí ìpínlẹ̀ gba ìlú kọ̀ọ̀kan láyè láti fẹ ìtumọ̀ ọkọ̀ pàǹtí kọjá ti ìpínlẹ̀. Àdírẹ́sì pàápàá a máa tanni jẹ: ọ̀pọ̀ ilé tí lẹ́tà wọn ń jẹ́ Houston ni kò sí nínú ìlú Houston, abẹ́ káńtì ni wọ́n wà, káńtì náà sì lè gbé ọkọ̀ kúrò. Ẹ wá mọ ìjọba tí ó ni àdúgbò yín kí ẹ tó gbé ọkọ̀ kalẹ̀. Bí ẹgbẹ́ onílé bá wà ní ẹsiteeti yín, ẹ ka ìwé tiwọn náà.

Pípa ìwé ìkìlọ̀ tì ni ó burú jù. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni ẹ ní láti gbé ọkọ̀ kúrò tàbí láti béèrè fún ìgbẹ́jọ́, níbi tí wọn yóò ti gbà pé ọkọ̀ náà kò lè rìn àyàfi tí ẹ̀yin bá fi hàn pé ó lè rìn. Bí wọ́n bá gbé e lọ báyìí, kò sí àtúnṣe fún un mọ́: òfin ka títún un tò ní èèwọ̀.

Ti títì yàtọ̀, nítorí ẹ̀ka ti ọkọ̀ tí a pa tì tún wà níbẹ̀, yàtọ̀ sí wákàtí 72 ti ọkọ̀ pàǹtí. Ọkọ̀ tí kò lè rìn, tí ó ti ju ọdún márùn-ún lọ, tí ẹ fi sílẹ̀ níbi ìjọba ju wákàtí 48 lọ, ti di ọkọ̀ tí a pa tì. Bí wọ́n bá gbé e, 20 ọjọ́ láti ọjọ́ ìwé ìfitónilétí ni ẹ ní láti san owó wíwọ́ àti owó ìpamọ́ kí ẹ sì gbà á padà. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, wọ́n lè tà á ní gbàǹjo.