Àṣìṣe Tí Àwa Òṣèré Máa Ń Ṣe Nígbà Tí A Bá Ń Kọ́ Ọmọ Girama Ní Eré Orí Ìtàgé

Bí ilé ẹ̀kọ́ girama kan bá pe òṣèré tí ó ti jinlẹ̀ nínú iṣẹ́ láti wá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì àgbà ní eré ṣíṣe, àṣìṣe tí ó máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé yóò ṣe eré náà fún wọn, yóò sì ní kí wọ́n ṣe é bí òun ti ṣe é.

Èmi náà ṣe é rí. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Abẹ́òkúta níbí, mo ní kí ọmọbìnrin kan tí ó wà ní SS2 ṣe ìyá aládìrẹ ní Ìtòkú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún pé ọmọ rẹ̀ ti sá kúrò nílé. Nígbà tí kò tètè sunkún, mo gba ipò rẹ̀, mo káwọ́ lérí, mo mi èjìká, mo sì fa ohùn gùn. Ọmọ náà dìde, ó káwọ́ lérí, ó mi èjìká, ó fa ohùn gùn, àwọn mẹ́ta tí wọ́n tẹ̀ lé e sì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ara mi ni mo ń wò lára ọmọ mẹ́rin. Olùkọ́ wọn ni ó gbà mí nímọ̀ràn pé kí n wá iṣẹ́ kan fún ọwọ́ ọmọ náà. A kó aṣọ fún un pé kí ó máa ṣẹ́ ẹ, kí ó sì máa kà á. Ó ka ení, ó ka èjì. Bí ó ti gbọ́ ìròyìn náà, ó tún ka èjì, ó tún ka èjì lẹ́ẹ̀kan sí i, aṣọ náà kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Omijé kankan kò bọ́, ṣùgbọ́n gbogbo kíláàsì pa rọ́rọ́.

A kò ní pẹ́ mọ ibi tí àṣìṣe yìí ti ṣẹ̀ wá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe láti ayé àwọn alárìnjó, ìyẹn àwọn òṣèré ayé àtijọ́ tí wọ́n ń ti ìlú dé ìlú ṣeré, títí dé ìgbà olóògbé Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí, ẹni tí ó ṣe tíṣà àti ọlọ́pàá kí ó tó dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945. Ẹni tí ó ń bá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri ìlú ń rí ọ̀gá rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà wíwò lè tó o. Ọmọ girama tí a ń rí fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí a máa jágbe mọ́ ọn níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí a gbà síṣẹ́.

Àṣìṣe mìíràn ni pé kí a máa pariwo pé, “Ẹ gbóhùn sókè!” láìkọ́ wọn bí a ti ń gbé e. Ọmọ tí ó bá ń fi ọ̀fun kígbe yóò há lóhùn, èyí tí ó sì burú jù lọ nínú èdè tiwa ni pé gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò di ohùn òkè. Bí ó bá fẹ́ sọ pé ọkọ òun dé, òǹwòran lè gbọ́ pé ọkọ́ ni ó dé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀, kí wọ́n gbé ìwé lé ikùn, kí ìwé náà máa gòkè bí wọ́n ti ń mí sínú, kí wọ́n tó fi èémí yẹn sọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Bí ipa náà bá sì jẹ́ ti ará Ẹ̀gbá, kí a má ṣe fagi lé Ẹ̀gbá tí ọmọ náà gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà.

Àwọn tí wọ́n ti pẹ́ nídìí fíìmù máa ń gbàgbé pé kámẹ́rà kò sí nínú gbọ̀ngàn. Ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn kò lè rí ìpéǹpéjú tí ó mì.

Èyí tí ó ń dùn mí jù ni ti àwọn òṣèré tí wọ́n máa ń ní kí ọmọ ronú kan òkú ilé wọn kí omijé lè bọ́. Mo ti wà níbi tí wọ́n ti ṣe é. Ọmọkùnrin náà sunkún lóòótọ́, kò lè dákẹ́, wọ́n mú un jáde, òṣèré náà sì pe ẹni tí ó kàn. Àwa kọ́ ni a óò tẹ̀ lé ọmọ náà délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni a kò kọ́ ìtọ́jú ọgbẹ́ ọkàn. Ohun tí eré ń fẹ́ kò tó bẹ́ẹ̀. Ó tó kí a bi ọmọbìnrin yẹn léèrè pé, “Kí ni ìyá aládìrẹ yìí fẹ́ kí ẹni tí ó mú ìròyìn wá ṣe fún òun báyìí?” kí a sì fún un láyè láti wá ìdáhùn rẹ̀ fúnra rẹ̀.