Owó Ń Lọ Síwájú Ojú, Àrùn Wà Lẹ́yìn Rẹ̀: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Jẹjẹrẹ Ojú

Ọdún 19 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ojú kí jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní mẹlanóómà tó wọ ojú òsì èmi fúnra mi, tí wọ́n sì yọ ẹyinjú náà ní 2016. Láti ìgbà náà ni àwọn tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ àìsàn yìí fún ti ń wá mi wá sí Parakin, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, àwọn mìíràn láti Iléṣà àti Ìpetumodù, kí n lè sọ ohun tí ojú mi rí fún wọn. Tọwọ́tẹsẹ̀ ni mo ń gbà wọ́n, ṣùgbọ́n inú ti ń bí mi, nítorí pé owó ọwọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ti tán kí wọ́n tó dé ibi tí ó yẹ kí wọ́n ná an sí. N kò ní tún ohun tí dókítà wọn ti sọ fún wọn sọ. Àṣìṣe ni mo fẹ́ kà, títí kan tèmi.

Àṣìṣe kìíní ni kíkán oògùn àti ríra jígí nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì wo ẹ̀yìn ojú. Mẹlanóómà inú ojú kì í sábà yọ síta. Lábẹ́ awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gba ìmọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìn ẹyinjú ni ó ti sábà máa ń hù. Kì í sábà dunni, ojú kì í sábà pọ́n, ẹni tí ó bá sì ń wo aláìsàn láti ìta lè má rí nǹkan kan. Ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ lè rí ni kí mànàmáná máa kọ níbi tí òjò kò sí, kí nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ máa fò kiri bí kòkòrò, tàbí kí òjìji bo apá kan ohun tí ó ń wò bí ìgbà tí a fa kọ́tìnì. Àwọn mìíràn kì í rí àmì kankan rárá. Oògùn tí a kán síwájú ojú kò lè rí kókó jẹjẹrẹ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀tẹ̀ ni a fi sílẹ̀ tí a ń pa làpálàpá.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, bàbá kan wá láti Iléṣà, ó sì tú àpò ọ̀rá kan sórí tábìlì mi. Ìgò oògùn ojú 11 ni ó wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ti ṣí, ìdérí méjì ti sọnù, ọ̀kan sì ti lẹ̀ mọ́ ara ọ̀rá bí oyin. Mo mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin jẹ́ oògùn tí ń pa kòkòrò àìsàn, mẹ́ta jẹ́ ti ojú yíyún, mẹ́rin tí ó kù sì jẹ́ steroid, irú èyí tí ó jẹ́ pé bí a bá kán an pẹ́ láìsí dókítà tí ń wọn ìfúnpá inú ojú, ó lè gbé ìfúnpá náà sókè kí ó sì ba iṣan tí ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ jẹ́. Mo bi í pé, "Bàbá, ta ni ó ti kán oògùn tí ń la ọmọlójú sí yín lójú, tí ó wá fi iná wo inú rẹ̀?" Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, wọ́n fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n wọ́n ní n óò jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo sì fẹ́ tètè dé oko." Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú! Ọdún kan gbáko ni bàbá yìí fi kán oògùn.

N kò lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé èmi tí mo ti kán oògùn ìlajú yẹn sójú àìmọye ènìyàn, oṣù mẹ́rin ni mo fi ń pààrọ̀ jígí. Mo ra mẹ́ta. Nígbà tí ẹ̀kẹta kò ṣiṣẹ́, mo ní ẹni tí ó gé e ni kò mọ iṣẹ́, mo sì lọ bá a jà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Dókítà kékeré kan tí mo lè bí lọ́mọ ni ó sọ pé, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn ojú yín," ni mo bá gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ tí èmi fúnra mi ń nù láràárọ̀. Ó wò ó, ó dákẹ́, ó tún wò ó. Ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn mọ ohun tí ìdákẹ́ dókítà ń sọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi nǹkan tútù bí ògì pa ìpéǹpéjú mi, wọ́n gbé orí ẹ̀rọ skáànù lé e, kókó náà sì yọ lójú ẹ̀rọ bí olú tí ó hù lára igi. Ìrísí olú yẹn wà lára ohun tí wọ́n fi ń dá a mọ̀, ìdí sì nìyẹn tí kì í fi í sábà pọn dandan kí wọ́n gé nínú rẹ̀ kí wọ́n tó mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ jókòó, kí wọ́n la ọmọlójú yín. Ojú yóò ṣe bàìbàì fún wákàtí mélòó kan, nítorí náà ẹ mú ẹni tí yóò mú yín délé dání.

Àṣìṣe kejì ni kí a máa ní àrùn òyìnbó ni. Òtítọ́ ni pé ó wọ́pọ̀ lára àwọn aláwọ̀ funfun jù wá lọ ní ìlọ́po púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí kò wọ́pọ̀ kì í ṣe ohun tí kò sí. Ẹ wo ojú òsì mi.

Ìkẹta: ìtọ̀, omi ọmú, omi ewé. Rárá.

Ìkẹrin, òróró àdúrà: orí ni kí ẹ fi pa.

Àwọn kan gbà pé ìtọ́jú tálákà ni yíyọ ojú, pé bí àwọn bá ti lówó láti lọ sókè òkun, àwọn yóò pẹ́ láyé. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n pín aláìsàn 1,317 tí kókó ojú wọn mọ níwọ̀n sí ọ̀nà méjì: wọ́n yọ ojú apá kan, wọ́n sì rán àwo kékeré tí ó ní áyódìn-125 mọ́ ara ẹyinjú apá kejì fún ọjọ́ mélòó kan kí ìtànṣán rẹ̀ lè pa kókó náà. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2001 fi hàn pé iye àwọn tí ó wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún kò yàtọ̀ láàárín apá méjèèjì. N kò ní kí ẹni tí ó bá rí ọ̀nà má gba ìtọ́jú oní-ìtànṣán. Ojú ẹni dára ju ojú àtọwọ́dá lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtànṣán náà lè dín ìríran rẹ̀ kù bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí ènìyàn máa wá ẹni tí yóò ra ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, kí kókó náà sì máa dàgbà sí i lójú rẹ̀.

Bákan náà ni ti oògùn tuntun tí wọ́n ń pè ní tebentafusp, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2022. Àwọn tí àrùn wọn ti tàn ká, tàbí tí a kò lè gé e kúrò, tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì fi hàn pé wọ́n ní irú àbùdá kan pàtó, HLA-A*02:01, ni ó wà fún. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó jọ fún un kí ẹ tó mọ̀ bóyá ó kàn yín.

Ohunkóhun tí wọ́n bá gé lójú yín, ẹ béèrè ibi tí ó ń lọ. Wọ́n gé ẹran tí ó hù sí funfun ojú obìnrin kan níbì kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n sì dà á nù láìfi ránṣẹ́ sí ibi àyẹ̀wò. Nígbà tí ó tún hù, kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ oògùn kíkán, ti ẹ̀dọ̀ ni ó ń dùn mí jù. Wọ́n yọ ojú tán, ọgbẹ́ jinná, ẹbí ṣe ìdúpẹ́ tàbí kí wọ́n ṣe sàárà, káàdì ilé ìwòsàn sì wọ abẹ́ ibùsùn. Inú ẹ̀jẹ̀ ni mẹlanóómà ojú ń gbà rìn, ẹ̀dọ̀ ni ó sì sábà máa ń kọ́kọ́ dé. Ó máa ń tàn ká lára nǹkan bí ìdajì àwọn tí ó ní in, ó sì lè lé ní ọdún 10 kí ó tó yọjú. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni dókítà mi ní kí n máa ya àwòrán ẹ̀dọ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan kò tó, nítorí pé ó lè dára nígbà tí kókó ti jókòó síbẹ̀. Dípò èyí, àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń rà. Mo bá ìyá kan ṣírò rẹ̀ lórí bébà: owó ìgò mẹ́ta lóṣù, ní ìlọ́po mẹ́fà, ó san owó skáànù, ó sì ku owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀. Ó ní, "Ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì, skáànù kì í wo àìsàn." Mo ní àgbo náà kò wò ó, kò sì jẹ́ ká mọ̀ bóyá ó wà. Èmi náà fo skáànù kan ní 2020. Kòrónà ni mo fi kẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù èsì ni.

Ní ti ojú àtọwọ́dá, ẹ má ra èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ tí wọ́n ń ṣà bí ìlẹ̀kẹ̀. Èyí tí wọ́n wọn sí ihò ojú yín ni kí ẹ náwó sí. Ẹ má fi spírítì fọ̀ ọ́, ẹ má sì sè é, ike ni, yóò sán. Kí ó tó dìgbà náà, ike pẹlẹbẹ kan tí ó mọ́ gaara ni wọ́n máa ń fi sínú ihò náà kí ó má baà sún kì. Mo sín lọ́jọ́ kan, tèmi bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ṣe bí ohun ìṣeré ọmọ ni, mo gbá a mọ́ ìdọ̀tí. Ọmọ mi ni ó wá a rí lórí ààtàn.

Ẹni tí ó bá pàdánù ojú òsì ní láti ṣọ́ra jù níbi títì. Láti 1972 tí Nàìjíríà ti ń wa ọkọ̀ ní apá ọ̀tún, láti òsì ni ọkọ̀ tí ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fẹ́ sọdá ti ń bọ̀. Ọ̀kadà méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi ní Làgèrè kí n tó kọ́ láti yí gbogbo orí. Àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀ ti mọ̀ mí báyìí, bí wọ́n bá ti rí mi létí títì, wọ́n á ní, "Ẹ dúró, Màmá Òwìwí fẹ́ sọdá."