Fi Ìka Lé E: Bí A Ṣe Ń Jókòó Yẹ X-Men Wò

Télọ̀ ni mí ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn. Ìgbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni mo ra X-Men àkọ́kọ́ mi, ìwé ìtàn alàwòrán Amẹ́ríkà nípa àwọn ẹ̀dá tí a bí pẹ̀lú agbára àrà, lórí àtẹ ìwé àlòkù kan ní Dùgbẹ̀. Èèpo iwájú rẹ̀ ti já, ojú ìwé méjì tó gbẹ̀yìn kò sí níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń dá bí ìtàn náà ṣe parí rò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ẹni tí a ó jọ máa sọ ọ́. Lónìí a ti di mẹ́fà, ṣọ́ọ̀bù mi la sì ń jókòó sí ní ọjọ́ Àìkú tó bá gbẹ̀yìn oṣù. Àwọn kan ti bi mí bí àwọn náà ṣe lè dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ládùúgbò wọn. Bí a ṣe ń ṣe é rèé.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1963 ni Stan Lee àti Jack Kirby gbé X-Men jáde, ìwé pẹlẹbẹ ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹni tó bá lóun fẹ́ ka gbogbo rẹ̀ láti nọ́ńbà 1, yóò ti sú u kó tó dé ibi tó dùn. Ilé iṣẹ́ Marvel tó ni ín pàápàá, ó sú wọn nígbà kan: láti nọ́ńbà 67 títí dé 93, ìtàn àtijọ́ ni wọ́n kàn ń tún tẹ̀. Ọdún 1975 ni òǹkọ̀wé Len Wein àti ayàwòrán Dave Cockrum kó àwọn ọmọ tuntun wọlé nínú Giant-Size X-Men, Storm, Nightcrawler àti Colossus, pẹ̀lú Wolverine tó ti kọ́kọ́ yọjú nínú ìwé Hulk. Òǹkọ̀wé Chris Claremont gbà á ní nọ́ńbà 94, kò sì gbé e sílẹ̀ títí di 1991. Ọdún 16! Èmi ò tíì rí oníbàárà tó bá mi dúró tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà 129 sí 137, tó jáde ní 1980, ni mo máa ń gbé lé ẹni tuntun lọ́wọ́. Mẹ́sàn-án péré ni. Ẹ pín in sí mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ fi ìjókòó mẹ́ta kà á tán.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí olúkúlùkù ka nọ́ńbà kan kó tó wá. Ẹ ka ti àkọ́kọ́ fún adùn, kí ẹ má da ara yín láàmú. Fún èkejì, ẹ gé bébà sí wẹ́wẹ́, kí ẹ fi bo gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, kí ẹ wo àwòrán nìkan. Bébà tí mo fi ń ya pátánì aṣọ lèmi ń lò. Ìdí rẹ̀ ni pé ní Marvel ayé ìgbà yẹn, òǹkọ̀wé kì í kọ ọ̀rọ̀ tán kí ayàwòrán tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á jọ sọ bí ìtàn yóò ṣe lọ, ayàwòrán á lọ ya gbogbo ojú ìwé, ẹ̀yìn ìyẹn ni òǹkọ̀wé á tó wá fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Lójú tèmi, ayàwòrán John Byrne ló ń gé aṣọ, Terry Austin ń fi yíǹkì rán an, Claremont wá ń to bọ́tìnnì sí i. Nígbà mìíràn bọ́tìnnì kì í bá ihò rẹ̀ mu. Nínú nọ́ńbà 140, Colossus, ọkùnrin tí ara rẹ̀ ń di irin, ń fa kùkùté igi kan tu. Byrne ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé òun yà á bí ohun tí kò ni ọkùnrin onírin náà lára rárá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n wá fi sí i lẹ́nu jẹ́ ti ẹni tó ń làágùn. Ẹ bo ọ̀rọ̀ ibẹ̀, kí ẹ wò ó, kí ẹ ṣí i, kí ẹ tún wò ó. Nọ́ńbà 143 ni Byrne fi ṣe àṣekẹ́yìn.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, ẹ ka orúkọ gbogbo àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà sókè, títí kan ẹni tó kun àwọ̀ àti ẹni tó fọwọ́ kọ lẹ́tà. Mo ti fi odidi wákàtí kan bú ayàwòrán kan rí pé àwọ̀ rẹ̀ ṣì. Ìgbà tí mo sọ̀rọ̀ tán ni ọmọbìnrin tó kéré jù nínú wa fi hàn mí pé ẹlòmíràn ló kun ún. Ó wá gbé ẹ̀dà tirẹ̀ ti tèmi. Àwọ̀ tirẹ̀ ń dán. Ẹ̀bá fèrèsé ni mo ti ń gbé tèmi sí. Oòrùn ló jẹ ẹ́.

Ọmọbìnrin yìí náà ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ fọwọ́ mú òfin yìí dáadáa. Bí àgbà bá ṣáájú sọ̀rọ̀ láàárín Yorùbá, àwọn ọmọ á kàn ní “bẹ́ẹ̀ ni sà,” ìjókòó parí nìyẹn. Ẹni tó kéré jù ni kó bẹ̀rẹ̀, kó sì máa gòkè lọ bẹ́ẹ̀. Bàbá kan wà láàárín wa tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ kóòtù. Òun ló máa ń kẹ́yìn. Ó ṣòro fún un lóṣù méjì àkọ́kọ́. Ó máa ń wúkọ́.

Òfin kejì la ń pè ní “fi ìka lé e.” Bí o bá ní Cyclops, ọ̀kan nínú X-Men, kò láàánú, ṣí ojú ìwé tó ti ṣe bẹ́ẹ̀, kí o fi ìka lé àwòrán náà. Bí o kò bá rí i, gbé ọ̀rọ̀ rẹ jẹ. Òfin kẹta tẹ̀ lé e: ẹ máa fi ọdún kún orúkọ. Bí ẹnìkan bá ní “Magneto kò lè ṣe irú èyí,” gbogbo wa á dáhùn pé, “Magneto ọdún wo?” Magneto ni ọ̀tá àgbà X-Men. Ti 1963 gba ibùdó ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn ológun Amẹ́ríkà nínú nọ́ńbà 1, a ò sì mọ ìdí rẹ̀ ju pé ó fẹ́ jọba lórí ènìyàn. Ti nọ́ńbà 150, ní 1981, jẹ́ ẹni tó la Auschwitz, àgọ́ ikú àwọn Nazi, kọjá ní kékeré. Ó rò pé òun ti pa Kitty Pryde, ọmọdé inú X-Men, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ. Nígbà tó fi máa di nọ́ńbà 200, ilé ìwé Xavier, ọ̀gá àwọn X-Men, ni wọ́n ní kó wá máa bójú tó. Orúkọ kan ni, akoto kan ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń kọ ọ́ ti yí padà, ọwọ́ tí kò sì yí padà ti dàgbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Storm, nítorí aṣọ ni iṣẹ́ mi. Bí Cockrum ṣe gé aṣọ rẹ̀, ọrùn ni kápù náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì so mọ́ ọrùn ọwọ́ méjèèjì, débi pé bó bá gbé apá sókè, ẹyẹ ni. Mo rán irú rẹ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí. Yáàdì mẹ́rin ló jẹ, ọmọ náà kò sì lè fi ọwọ́ mú síbí jẹun. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé a rán an fún ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ ilé, ẹni tí wọ́n ń bọ bí òrìṣà. Nínú nọ́ńbà 173, ní 1983, ayàwòrán Paul Smith wá fá ẹ̀gbẹ́ orí Storm méjèèjì, ó wọ aṣọ aláwọ dúdú fún un. Kitty, tó mú Storm bí ìyá, rí i, ó fi ẹkún sá lọ. Àwọn ọkùnrin inú wa ní ọmọ náà ń ṣe àṣejù. Ọmọbìnrin wa fi ìka lé ojú Kitty, ó ní, “Ẹ̀yin ń wo irun. Ìyá rẹ̀ ló ń wò tó ń di ẹlòmíràn, láìsọ fún un.” Kò sẹ́ni tó fèsì.

Storm yìí kan náà ló máa ń ṣì wá lọ́nà. Yorùbá wo ló máa rí obìnrin tó ń pàṣẹ fún ìjì tí kò ní rántí Ọya, ẹ̀fúùfù lẹ́lẹ́ tí ń dá igi lókè? Ṣùgbọ́n nọ́ńbà 102 ló sọ ìtàn bí a ṣe bí i: ìyá rẹ̀ wá láti Kenya, bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Amẹ́ríkà, Cairo ni ilé ti wó lé wọn lórí. Ẹ ò lè fi ìka lé Ọya níbẹ̀. Nígbà tí Murewa Ayodele, ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé Storm fún Marvel ní 2024, pẹ̀lú Lucas Werneck tó ń yà á, a fi ìjókòó kan yin orúkọ tó wà lára èèpo. Inú mi dùn bí ti gbogbo wọn. Ìjókòó kejì la tó ṣí ìwé náà.

Ẹni tí kò bá tíì ka nọ́ńbà 137, kó fo ìpínrọ̀ tó kàn yìí. Mo ti sọ ìparí rẹ̀ lójú ọ̀dọ́kùnrin kan rí láìmọ̀. Ó pa ìwé dé, ó kí wa, oṣù méjì ni kò fi yọjú.

Agbára kan tó ń jẹ́ Phoenix wọ Jean Grey, ọ̀kan nínú X-Men, lẹ́wù. Nínú nọ́ńbà 135 ó gbé ìràwọ̀ kan mì, ayé kan tó ń yí ìràwọ̀ náà po sì jóná pẹ̀lú ẹ̀dá bílíọ̀nù 5. Claremont àti Byrne ti parí ìtàn náà lọ́nà mìíràn: wọ́n á gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, á máa gbé ayé rẹ̀ lọ. Jim Shooter, olóòtú àgbà, ní kò jọ ọ́. Ẹni tó pa irú iye bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n tún ìparí yà, Jean sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lélẹ̀ lórí òṣùpá. Ní 1984 wọ́n tẹ ìparí àkọ́kọ́ jáde kí aráyé rí i. Ní 1986 òkú dìde: wọ́n ní Jean gan-an ti wà nísàlẹ̀ omi Jamaica Bay ní New York látọjọ́ yìí, pé Phoenix kàn gbé àwòrán rẹ̀ wọ̀ ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ọjọ́ tí nọ́ńbà kan jáde ni kí ẹ fi ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Ẹ má gbé 1986 wọ inú 1980. Bàbá kóòtù gbè sẹ́yìn Shooter, àwa yòókù gbè sẹ́yìn Jean, àṣálẹ́ ọjọ́ náà ni iná lọ, a sì ń bá a lọ nínú òkùnkùn.

Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ má kàn fi ṣẹ̀sín. Marvel ní àṣà kan láyé àtijọ́: òǹkàwé tó bá rí àṣìṣe, tó sì rí àlàyé tó mú un tọ́, wọ́n á fi àpòòwé òfìfo ránṣẹ́ sí i, No-Prize lorúkọ rẹ̀. Stan Lee fúnra rẹ̀ pe Bruce Banner, ọkùnrin tó ń di Hulk, ní Bob nínú Fantastic Four, ìwé Marvel mìíràn, nọ́ńbà 25. Nígbà tí wọ́n mú un, ó ní Robert Bruce Banner lorúkọ ọkùnrin náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Títí dòní ó ń jẹ́ ẹ. Àwa náà ní àpòòwé tiwa nínú dúrọ́ọ̀ mi.

Kíkọ ọ́ sílẹ̀ kò le. Ojú ewé kan nínú ìwé àkọsílẹ̀: nọ́ńbà wo, ọwọ́ ta, ojú ìwé kan tó mú ọ lọ́kàn àti ìdí rẹ̀, ibi kan tí kò jọ. Má tún ìtàn sọ, gbogbo wa ti kà á. “Ó dùn gan-an” kò wọlé níbí. A kì í sì fún un ní máàkì. Agbádá tí apá kan gùn ju èkejì lọ, ṣé 7 nínú 10 ni?

Wákàtí méjì tó. Ẹ pèsè tíì. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ẹ̀pà síbẹ̀, òróró rẹ̀ kì í kúrò lára bébà, nọ́ńbà 173 mi sì ti ní àmì ìka mẹ́ta lórí irun Storm tí ẹnikẹ́ni kò tíì jẹ́wọ́.