Bí A Ṣe Ń Ra Báàgì Hermès ní Paríìsì Láìkọjá Ìdíwọ̀n

Ẹni tó bá ń gbéra láti Àjàṣẹ́ lọ sí Paríìsì, tó sì fẹ́ ra báàgì Birkin tàbí Kelly ti ilé iṣẹ́ Hermès, kó mọ̀ pé owó nìkan kò tó. Ohun tí àwọn oníbàárà mọ̀ káàkiri ni pé wọn kì í sábà ta irú báàgì bẹ́ẹ̀ ju 2 lọ fún ẹnì kan láàárín ọdún.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àyè láti rí olùtajà ní ilé ìtajà wọn, kí orúkọ tí ẹ kọ síbẹ̀ sì bá ti pasipọ́ọ̀tì yín mu délẹ̀délẹ̀. Bí ẹ bá wọlé, ẹ sọ ìwọ̀n àti àwọ̀ tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì ní àṣàyàn kejì, nítorí ohun tó bá wà nílẹ̀ ni wọ́n ń tà. Èyí tí ọkàn yín kò fẹ́, ẹ má rà á. Yóò jẹ nínú iye tó tọ́ sí yín.

Ẹni tí kì í gbé ní Yúróòpù, tó ti pé ọdún 16, tó sì ra ọjà tó lé ní 100 yúrò, lè gba lára owó orí tó wà lórí ọjà náà padà, bí kì í bá ṣe pé ó fẹ́ lọ tà á ní Wàńdó. Ní pápákọ̀ òfuurufú, kí ẹ tó fi ẹrù sílẹ̀, ẹ gbé àmì onílà tó wà lára ìwé ìgbowó-orí-padà tí ilé ìtajà fún yín síwájú Pablo, ẹ̀rọ tí àwọn aṣọ́bodè fi ń yẹ ìwé náà wò. Bó bá yọ àwọ̀ ewé, ó parí. Bí kò bá yọ ọ́, ẹ gbé báàgì náà lọ bá àwọn aṣọ́bodè.