Eré Ìdárayá fún Ọmọ Tí Ó Bọ́ Lọ́wọ́ Jẹjẹrẹ: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Ará Ilé

Bí ọmọ bá parí ìtọ́jú jẹjẹrẹ, yálà ti inú ẹ̀jẹ̀ ni o tàbí ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí àwọn dókítà ń pè ní Burkitt, ọ̀pọ̀ òbí ni kì í fẹ́ kí ó sáré mọ́, tí wọn kì í sì í jẹ́ kí ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Ìfẹ́ ló fà á, a kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń jókòó sójú kan ṣáá, iṣan rẹ̀ á máa rọ̀, eegun tí oògùn bíi prednisolone àti dexamethasone ti sọ di ẹlẹgẹ́ kò ní tètè le, àárẹ̀ tí a sì rò pé ìsinmi yóò mú kúrò lè máa pọ̀ sí i.

Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ìṣẹ́jú 60, ó kéré tán, ṣe ohun tí ń mú ara gbóná lójúmọ́. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àìsàn kò lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: kí ó kọ́kọ́ rìn yí agbo ilé ká fún ìṣẹ́jú 5 tàbí 10, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ẹ sì máa fi díẹ̀ kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ó bá ń rìn, tí ó lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin, ìwọ̀n yẹn dára. Nígbà tí ó bá yá, ijó àti okùn fífò náà á wọ̀ ọ́.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gba ìwé tí a kọ orúkọ gbogbo oògùn tí ọmọ lò sí lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Doxorubicin àti daunorubicin lè sọ ọkàn di aláìlágbára lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pàápàá, nítorí náà, kí dókítà yẹ ọkàn wò kí ọmọ tó máa sáré ìje tàbí gbé ẹrù wúwo. Vincristine ní tirẹ̀ máa ń ba iṣan ara tó ń gbé ìmọ̀lára jẹ́; ọmọ á máa kọsẹ̀, kò sì ní tètè mọ̀ bí ẹ̀gún bá gún un, nítorí náà bàtà tí ó bo ìka ẹsẹ̀ ni kí ó wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà. Ọmọ tí wọ́n yọ kíndìnrín rẹ̀ kan nígbà ìtọ́jú, tí ó ku ẹyọ kan fún un, lè gbá bọ́ọ̀lù bí dókítà bá fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kí ó jìnnà sí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ má ṣe fi ebè kíkọ dípò eré. Kí ó já ẹ̀fọ́, kí ó fi ike kékeré bomi rin ọgbà. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ bá ti ń fọ́n oògùn apakòkòrò tàbí oògùn koríko, kí ó má ṣe dé ibẹ̀ rárá.

Bí àyà bá ń dùn ún, bí òòyì bá ń kọ́ ọ, bí èémí rẹ̀ kò bá délẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú tàbí tí oríkèé ìbàdí rẹ̀ ń ro ó ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, ẹ dá a dúró, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ kọ lẹ́tà sí olùkọ́ rẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n mọ̀ pé bí ó bá jókòó láàárín eré, kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe é, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó padà wọlé nígbà tí ó bá sinmi tán.