Èmi ni mo ń san owó ìnṣọ́ránsì, ṣùgbọ́n wọn ò sọ ti ọmọ mi fún mi

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni lẹ́tà náà dé, nínú àpò ìwé funfun tó ní fèrèsé kékeré níwájú, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ìlera wa máa ń fi ránṣẹ́ bí ẹnì kan nínú ilé bá ti lọ rí dókítà. EOB ni wọ́n ń pè é níbí ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe bíìlì. Ó kàn ń sọ iye tí ilé ìwòsàn bèèrè, iye tí ìnṣọ́ránsì san, àti iye tó kù sí ẹni lọ́rùn. Orúkọ mi ló wà lára rẹ̀, torí láti ibi iṣẹ́ mi ní Houston ni ìnṣọ́ránsì gbogbo ilé ti wá. Mo ṣí i nídìí tábìlì, mo ń jẹ ẹ̀wà lọ.

Orúkọ ọmọ mi ọkùnrin ló wà nínú rẹ̀, ẹni ọdún 21 tó ń kàwé ní Austin. Ọjọ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú oṣù kan ṣoṣo, nílé ìwòsàn kan tí mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Níbi tí wọ́n ti ń kọ ohun tí wọ́n ṣe fún èèyàn, kò sí ju pé ó wá rí dókítà lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin! Ọmọ tí mo bá sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ Àìkú, tó ní "Dádì, kò sí wàhálà kankan." Ẹ̀wà náà ò lọ mọ́ lọ́nà ọ̀fun mi.

Ẹlòmíì tó bá gbọ́n, ọmọ náà ni ì bá pè. Èmi pe ìnṣọ́ránsì.

Wọ́n fi orin dá mi lóhùn fún bí ogójì ìṣẹ́jú kí obìnrin kan tó gbé e. Ó bèèrè nọ́ńbà tó wà lára káàdì, ọjọ́ ìbí mi àti àdírẹ́sì ilé. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí mo fi dárúkọ ọmọ. Ó ní, "Ọ̀gá, ọmọ yín ti lé ní ọdún 18. Mi ò lè sọ ìdí tó fi lọ rí dókítà fún yín, àyàfi tó bá fọwọ́ sí i." Mo ní èmi ni mo bí i. Ó ní òun gbà bẹ́ẹ̀. Mo ní èmi ni mo ń sanwó. Ó ní òun rí i lójú kọ̀ǹpútà òun. Bí mo ṣe ń gbé ohùn sókè tó, tirẹ̀ kò kúrò níbi tó wà.

Inú bí mi gan-an. Níbi tí wọ́n ti bí mi, nọ́ọ̀sì á ti ẹnu ọ̀nà ké pe orúkọ rẹ, á fi orúkọ àìsàn rẹ tì í, gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì á sì bá ọ ṣe "pẹ̀lẹ́ o". Mo ní mo máa fi wọ́n sùn. Mo wá ìwé pélébé kan jáde látinú dúrọ́ọ̀, èyí tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀rọ̀ ìlera ẹni àti bí wọ́n ṣe ń pa á mọ́, tí wọ́n fún mi nígbà tí mo wọ ètò náà, tí mi ò kà rí. Ọ̀ranyàn ni kí wọ́n fún èèyàn nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kí wọ́n sì máa rán an létí, ó pẹ́ tán ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, pé ó wà. Ibi tí wọ́n ti ń fi wọ́n sùn wà níbẹ̀ lóòótọ́: ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Office for Civil Rights, láàrin ọjọ́ 180 tí èèyàn bá ti mọ ohun tí wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rú òfin àṣírí ni wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ta ni mo fẹ́ lọ bá pé ẹnì kan pa àṣírí mọ́?

Bí mo ṣe jókòó ka ìwé náà nìyẹn. HIPAA ni orúkọ òfin tó wà nídìí ìwé náà, ọdún 1996 ni Bill Clinton fọwọ́ sí i, oṣù kẹrin ọdún 2003 sì ni apá tó kan àṣírí bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀. Ìnṣọ́ránsì lè lo ọ̀rọ̀ ìlera ẹni láìbèèrè nítorí ìtọ́jú, nítorí owó sísan, àti nítorí iṣẹ́ tiwọn fúnra wọn. Àwọn nǹkan mìíràn díẹ̀ wà tí òfin gbà wọ́n láyè sí, bí ìgbà tí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé tí onítọ̀hún bá fọwọ́ sí ni wọ́n máa tẹ̀ lé. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ tó ń bá mi san lára owó náà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ọ̀rọ̀ àìsàn mi lọ́wọ́ wọn kó lè fi pinnu bóyá mo máa ṣiṣẹ́ lọ tàbí n kò ní ṣe é mọ́. Ibí yìí ni mo dákẹ́ sí. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ níbi iṣẹ́.

Mo wá pe ọmọ náà.

"Dádì, ẹ ṣí lẹ́tà mi?"

"Orúkọ mi ló wà lára ẹ̀."

"Mo mọ̀. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn."

Ó ní kò sóhun tó máa pa òun, pé bí ó bá tó àkókò òun máa sọ fún èmi àti ìyá òun. Ohun tí òun ń fẹ́ ni kí lẹ́tà má wá sílé mọ́. Òun rò pé òfin ti bo gbogbo rẹ̀. Kò bo gbogbo rẹ̀ o. Ilé-iṣẹ́ tó ní òun ò lè bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù yìí kan náà ló ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí mi, torí orúkọ ẹni tó ni ìnṣọ́ránsì ni EOB máa ń bá lọ. Títí ọmọ á fi pé ọdún 26 ni òfin sì gbà kó wà lórí ìnṣọ́ránsì òbí. Ẹ wo iye ọdún tí èèyàn á fi ti dàgbà, tí bàbá rẹ̀ á ṣì máa gba lẹ́tà rẹ̀.

Ní Sátidé, a jókòó sídìí fóònù, a ń wo ojú ara wa. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń bèèrè pé kí lẹ́tà ẹni máa gba ibòmíì lọ wà lórí ìkànnì wọn, ojú ìwé méjì. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Kò sí ohun tí tèmi lè ṣe níbẹ̀. Ó kọ orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì tó wà ní Austin, ímeèlì rẹ̀. Ló bá kan àpótí kékeré kan nísàlẹ̀: fi àmì síbí bí ó bá jẹ́ pé lẹ́tà tó ń lọ sílé lè kó ọ sínú ewu. Bí èèyàn bá sọ pé ewu wà, òfin mú ìnṣọ́ránsì ní dandan láti gbà, níwọ̀n ìgbà tí ohun tó bèèrè bá mọ́gbọ́n wá. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ wọn ló kù sí. Ó kà á sókè, àwa méjèèjì sì dákẹ́.

"Dádì, mi ò lè fi àmì síbẹ̀. Irọ́ ni. Ẹ ò lè ṣe mí ní nǹkan kan." Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì ló kù."

Ó fi àpótí yẹn sílẹ̀, ó kọ gbólóhùn méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé òun ti dàgbà, òun kì í gbé ilé yẹn mọ́. Wọ́n dá fọ́ọ̀mù náà padà. Kì í ṣe nítorí àpótí o, nítorí nọ́ńbà ni. Nọ́ńbà ara káàdì mi ló kọ. Nínú ètò tiwa, nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn ló ń sọ ẹni tó ni í: 01 ni tèmi, 03 ni tirẹ̀. A tún un kọ. Kó tó di pé èsì dé, ẹnì kan lórí fóònù sọ fún un pé ó lè ṣí àkáǹtì tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó yàn án pé ímeèlì ni òun fẹ́. Ìyẹn kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n kọ̀wé pé àwọn gbà.

Lẹ́tà kan tó ti wà lọ́nà ṣì dé sí mi lẹ́yìn ìyẹn. Mo fi sábẹ́ Bíbélì, mi ò ṣí i. Ó wù mí o! Owó tí gbogbo ilé ti ná lọ́dún náà ṣì máa ń hàn sí mi, nítorí náà mo mọ̀ bí nǹkan kan bá lọ, mi ò kàn mọ ohun tó jẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ìyẹn gan-an hàn, ọ̀nà kan wà: láti ọdún 2013, bí èèyàn bá san gbogbo owó ìtọ́jú látinú àpò ara rẹ̀, tó sì ní kí wọ́n má sọ fún ìnṣọ́ránsì, dókítà gbọ́dọ̀ gbà fún un. Mo sọ ọ́ fún ọmọ. Ó bèèrè bóyá mo mọ iye tó jẹ́.

Lẹ́yìn náà ló fúnra rẹ̀ mú fọ́ọ̀mù kejì wá, èyí tó fi ń gbà kí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀. Mo ti ń yọ̀. Àṣé èèyàn lè sọ ibi tí àyè náà dé: ó kọ ọ́ pé kí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ owó nìkan, kí wọ́n má dárúkọ ìtọ́jú rárá. Ó sì gbọ́dọ̀ ní òpin. Ó kọ ọjọ́ 31 oṣù kejìlá. Ó lè kọ̀wé gbà á padà nígbà tó bá wù ú.

Ara mi ti gbóná sí i nígbà yẹn, mo bá bèèrè tèmi náà. Mo ní kí wọ́n fún mi ní orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n ti fún ní ọ̀rọ̀ ìlera mi, èyí tí èèyàn lè bèèrè fún ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ọjọ́ 60 ni wọ́n ní láti dáhùn, ti àkọ́kọ́ láàrin oṣù 12 sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Mo ń retí ìwé nínípọn. Ojú ìwé kan ló dé, pé kò sí. Gbogbo èyí tó bá jẹ́ ti ìtọ́jú, ti owó àti ti iṣẹ́ tiwọn, wọn kì í kà á mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni èyí tó pọ̀ jù wà. Ìyẹn ò dùn mọ́ mi nínú, títí di òní.

Wọ́n tún fi ẹ̀dà fáìlì mi ránṣẹ́ kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé. Mo ka ibì kan níbẹ̀ pé mo ń mu sìgá. Èmi tí sìgá ò kan ẹnu mi rí! Mo kọ̀wé pé kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n ní ọ̀dọ̀ dókítà ló ti wá, kí n lọ bá ẹni tó kọ ọ́. Mo ṣì wà lẹ́nu ìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bi ọmọ náà bóyá ó máa tún fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tó jẹ́ kí wọ́n máa bá mi sọ̀rọ̀ bí ọdún bá parí.

Ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká wò ó ná."